Ọmọ Ajá Tuntun ní Ìlú Ọba: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Inṣọ́ránsì Tí Kò Ní Já Yín Kulẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester pè mí lórí fídíò. Ọmọ ajá kan wà lórí itan rẹ̀: French Bulldog, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, imú rẹ̀ rì wọnú ojú, ó sì ń hanrun bí ẹni tó jẹ iyán yó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ọmọ yín o!" A jọ rẹ́rìn-ín, a jọ yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé òun ti rí inṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £14 lóṣù, òun sì ti fẹ́ gbà á.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, má tíì tẹ nǹkan kan. Kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa oṣù méjìlá, kí o kà á sí mi létí."

Ó wá a, ó rí i. "Wọ́n ní àwọn á san owó ìtọ́jú àìsàn kọ̀ọ̀kan fún oṣù méjìlá láti ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyẹn burú ni?"

Ìyẹn gan-an ló jẹ mí níyà. A ra Labrador dúdú kan, a sì sọ ọ́ ní Adú. Nígbà tó pé oṣù méje, mo ṣàkíyèsí pé bó bá ti ojú oorun dìde, á fi ẹsẹ̀ iwájú òsì tiro bí ìṣísẹ̀ márùn-ún mẹ́fà kó tó máa rìn dáadáa. Mo rò pé ó fi gbá nǹkan ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí kò lọ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà náà rọra ká ẹsẹ̀ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ inú oríkèé ìgúnpá, Adú kò ké, àmọ́ ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ó sì wo ojú mi. Àwòrán CT fi hàn pé egungun kékeré kan ti là nínú oríkèé yẹn. Àìsàn tí wọ́n ń bí Labrador mọ́ ni. Àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ jẹ́ £4,200. Ààlà inṣọ́ránsì mi jẹ́ £3,000, nítorí náà mo fi £1,200 kún un. Ìyẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà kan wọlé pé oṣù méjìlá ti pé, ilé iṣẹ́ náà kò ní san kọ́bọ̀ mọ́ lórí ìgúnpá Adú, òsì àti ọ̀tún. Ọ̀tún tí kò tíì ṣe é ní nǹkan kan! Oògùn ìrora rẹ̀ sì ń bẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń bẹ, gbogbo rẹ̀ di ti àpò mi títí di òní, torí agbára káká ni ilé iṣẹ́ mìíràn fi máa gba ìgúnpá tó ti ń ṣàìsàn wọlé.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè: ẹ má fi iye owó oṣù bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìwé náà sọ nípa ọdún kejì àìsàn. Ohun tí èmi àti àbúrò mi jọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń ra ajá ní ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà sí ilé tí ajá ti ń sùn lẹ́yìnkùlé, tó ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, bó bá sì ṣàìsàn a ó fún un ní epo pupa mu. Ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí NHS, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti ìjọba, fún ajá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àìsàn ìran ajá yín kí ẹ tó mú un wálé

Ajá tó ní ìwé ìran, tí wọ́n kọ orúkọ bàbá àti ìyá àti àwọn bàbá ńlá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kennel Club (ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ajá oníwèé ìran sílẹ̀, ọdún 1873 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní London), jẹ́ ajá tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mú kó jọ àwọn òbí rẹ̀. Bó ṣe jogún àwọ̀ àti ìrísí náà ló ṣe jogún àìsàn. Àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, ìdí sì nìyẹn tí owó French Bulldog fi máa ń ju ti ajá àmúlùmálà lọ dáadáa.

French Bulldog, Pug àti Bulldog kì í sábà lè mí dáadáa nítorí imú wọn tó kúrú. Ihò imú wọn há, ẹran inú ọ̀fun wọn gùn jù. Cavalier King Charles Spaniel ní àìsàn ọkàn, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ó sì tún ní èyí tí agbárí kékeré ti ń fún ọpọlọ. Dachshund, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, lè ṣàdédé di aláìlèrìn nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn. Labrador àti German Shepherd, oríkèé ìbàdí àti ìgúnpá. Dalmatian, etí dídi àti òkúta inú àpò ìtọ̀.

Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò àwọn òbí lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ajá náà. Fún oríkèé ìbàdí, wọ́n ń fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 53, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 106 lọ, bó bá sì ṣe kéré sí ló dára sí. Ti ìgúnpá bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3. 0 ni kí ẹ máa wá. Fún àwọn onímú kúkúrú, Kennel Club àti Yunifásítì Cambridge gbé àyẹ̀wò mímí kan jáde ní 2019, 0 dé 3 náà ni, ajá tó ti pé ọdún kan ni wọ́n sì ń ṣe é fún, nítorí náà bàbá àti ìyá lẹ máa béèrè rẹ̀ fún. Ká ní mo ti béèrè máàkì ìgúnpá ìyá Adú ni! Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn béèrè.

Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2020 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Lucy's Law ti fòfin de alágbàtà ní England: ọwọ́ ẹni tó sin ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà gan-an ni kí ẹ ti rà á, níbi tí wọ́n bí i sí, kí ẹ sì rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ pàdé òun ní ilé epo lójú ọ̀nà, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀sẹ̀ ọ̀fẹ́ yẹn níyelórí, ẹ má fi ṣòfò

Àwọn tó ń sin ajá dáadáa sábà máa ń fún yín ní inṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ̀lú ọmọ ajá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ìwé oúnjẹ rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá òun ló máa mú un ṣiṣẹ́ ni tàbí ẹ̀yin, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó gbé ajá náà kúrò níbẹ̀.

Ìdí rèé. Bí ẹ bá gba inṣọ́ránsì tuntun lónìí, kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó dá yín lóhùn lórí àìsàn. Ti ìjàǹbá kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Àìsàn tó bá yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ti di ohun tó wà tẹ́lẹ̀, wọn kì í sábà san án mọ́. Inṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ ló ń bo àlàfo yẹn, torí òun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí tuntun bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀fẹ́ ṣì ku ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ. Bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ ajá náà láàárín àkókò yẹn, ì báà ṣe ìgbẹ́ gbuuru tàbí ara yíyún, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó fún yín ní ọ̀fẹ́. Ẹ bá wọn tẹ̀ síwájú láìsí ọjọ́ kan láàárín, kí àìsàn náà lè wà nínú àdéhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oríṣi mẹ́rin ló wà, orúkọ wọn kì í sọ bí wọ́n ti rí

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

Èyí àkọ́kọ́ ń san owó ìjàǹbá nìkan: ọkọ̀ kọ lu ajá, ó gbé nǹkan mì, ó kán lẹ́sẹ̀. Àìsàn kò sí níbẹ̀. Èkejì ni ti oṣù méjìlá, èyí tí èmi rà: wọ́n ń san owó àìsàn kọ̀ọ̀kan títí ọdún kan á fi pé tàbí títí owó tí wọ́n dá sílẹ̀ á fi tán, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ̀kẹta kò ní àkókò, àmọ́ ó ní àpò owó kan fún àìsàn kọ̀ọ̀kan. Bí àpò yẹn bá ti gbẹ, ó ti gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń pè ní lifetime: ọdọọdún tí ẹ bá sọ àdéhùn náà dọ̀tun ni àpò owó náà ń kún padà, títí kan ti àìsàn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi àìsàn kan wò ó. Ká sọ pé ara ajá yín bẹ̀rẹ̀ sí í yún un ní ọmọ ọdún méjì, irú èyí tí kì í lọ, tí abẹ́rẹ́ àti oògùn rẹ̀ ń ná yín ní £900 lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé excess ná, ìyẹn owó tí ẹ̀yin máa kọ́kọ́ san. Oríṣi kìíní kò san nǹkan kan. Oríṣi kejì san £900 ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì dágbére. Oríṣi kẹta, tí àpò rẹ̀ jẹ́ £4,000, san £3,600 láàárín ọdún mẹ́rin, ó san £400 ní ọdún karùn-ún, ó parí. Ajá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pé ọmọ ọdún méje nígbà náà, ó sì lè gbé ọdún mẹ́fà mìíràn láyé. Oríṣi kẹrin, tí àpò rẹ̀ jẹ́ £7,000 lọ́dún, á máa san án lọ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ dọ̀tun.

Àìsàn àwọn ajá oníwèé ìran, irú èyí tí kì í lọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí agbára yín bá ká a, lifetime ni kí ẹ rà, bí kò bá sì ká a, kí ẹ ro ọ̀rọ̀ ìran ajá náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi owó ajá sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ lifetime náà ní ojú méjì. Àwọn kan ní àpò kan ṣoṣo fún gbogbo àìsàn ọdún náà. Àwọn mìíràn pín in sí àìsàn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí i tí wọ́n kọ lifetime gàdàgbà, nígbà tí ti àìsàn kọ̀ọ̀kan kò ju £1,000 lọ. Ìyẹn ò lè gbé iṣẹ́ abẹ ńlá kankan. Ẹ sì tún rántí pé ìlérí yẹn so mọ́ sísọ ọ́ dọ̀tun: bí káàdì báǹkì yín bá yípadà tí owó kò sì wọlé, tí àdéhùn já, gbogbo àìsàn tó ti ṣe ajá náà rí ti di ohun àtijọ́ lójú ẹni tí ẹ bá tún lọ bá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èló ni ààlà owó náà?

Àwòrán MRI kan lè ju £2,500 lọ. Bí iṣan inú orúnkún bá já, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lè jẹ́ £3,000 sí £6,000, orúnkún kan ṣoṣo nìyẹn. Owó dókítà ẹranko kò sì dúró sójú kan. CMA, àjọ tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò ní ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí iṣẹ́ dókítà ẹranko, wọ́n sì rí i pé owó náà fi ìdá 63 nínú 100 ròkè láàárín 2016 sí 2023. Ní 2013, ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ló wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ti di nǹkan bí ọgọ́ta báyìí. Ohun tí £4,000 ń ṣe lónìí, kò dájú pé á ṣe é nígbà tí ọmọ ajá yín bá di àgbà.

Fún ajá oníwèé ìran, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ mi ra èyí tó bá kéré sí £7,000 lọ́dún. Ajá ńlá tàbí onímú kúkúrú, £10,000. Kí ẹ sì wá àwọn ààlà kéékèèké tó fara pa mọ́ sínú ìwé náà: wọ́n lè kọ £10,000 síwájú, kí wọ́n wá kọ ọ́ sí ojú ìwé kọkànlá pé àwọn kò ní san ju £1,500 lọ lórí MRI, tàbí ju iye kan lọ lórí orúnkún. Bí ẹ bá ń ka ìwé náà lórí fóònù, ẹ tẹ "limit" sínú àpótí ìṣàwárí rẹ̀, kí ẹ sì ka ibi gbogbo tó bá ti yọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: excess àti ìdá tí ẹ máa bá wọn gbé

Excess ni owó tí ẹ̀yin á kọ́kọ́ mú jáde kí ilé iṣẹ́ náà tó san tiwọn. Lọ́pọ̀ ibi, ọdọọdún lẹ máa san án lórí àìsàn kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan á tún ní kí ẹ bá àwọn gbé ìdá mẹ́wàá tàbí ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí owó ìtọ́jú bá jẹ́ £2,000, tí excess jẹ́ £100, tí ìdá tiyín sì jẹ́ ogún: ẹ san £100, ẹ tún san £380 nínú £1,900 tó kù. £480 ti jáde lápò yín, wọ́n san £1,520.

Ìdá yìí kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí ajá wà lọ́mọdé. Ó máa ń wọlé nígbà tó bá pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, fún àwọn ìran kan ọdún márùn-ún pàápàá, nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gan-an. Ẹ wá ọjọ́ orí yẹn nínú ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó oṣù wálẹ̀, ó sàn kí ẹ gbé excess sókè díẹ̀ ju kí ẹ gba ìdá, nítorí excess ní iye tí ẹ mọ̀, ìdá sì ń tóbi bí owó ìtọ́jú bá ṣe ń tóbi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí wọn kò ní san

Àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni olórí wọn. Kò di ìgbà tí dókítà bá fún un lórúkọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ó ti wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá béèrè owó, ilé iṣẹ́ náà á ní kí dókítà fi gbogbo ìtàn ajá náà ránṣẹ́, láti abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tí dókítà tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní, "Dókítà, ó ti ń họ etí láti oṣù tó kọjá," nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ Tuesday ló kọ́kọ́ rí i, ti sọ ọ̀rọ̀ tó máa padà wá bá a. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Mi ò ní kí ẹ fi nǹkan pa mọ́ o. Òfin ọdún 2012 lórí inṣọ́ránsì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń rà á pé kó fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè wọn lótìítọ́. Irọ́ lè mú kí wọ́n fagi lé gbogbo àdéhùn náà.

Ẹ̀yà ara méjì méjì ni ìkejì, èyí tó dé bá ìgúnpá ọ̀tún Adú. Ìbàdí, orúnkún, ìgúnpá, etí, ojú: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ka òsì àti ọ̀tún sí àìsàn kan. Bí òsì bá ti wà tẹ́lẹ̀, ọ̀tún ti bá a lọ. Nínú ìwé, "bilateral" ni ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn aràn àti ti eégbọn, ìtẹ̀lọ́dàá, oyún àti ìbímọ, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo wọn. Bí ẹ kò bá gba abẹ́rẹ́ parvovirus (àìsàn ìfun tó ń ran ajá) fún ajá náà tí parvovirus sì mú un, wọn kò ní san. Eyín ńkọ́? Àwọn tó ń san owó eyín máa ń fẹ́ rí i pé dókítà ń yẹ ẹ́ wò lọ́dọọdún àti pé ohun tó bá ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa tí a máa ń lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà: inṣọ́ránsì tó bá kọ ọ́ pé òun á san owó ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ajá, ìgbà tí wọ́n bá dá ẹ̀yin fúnra yín dúró sí ọsibítù ló ń sọ. Kò sọ ti ìgbéyàwó ní Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ajá yín bá ṣe ẹlòmíràn léṣe

Ó yẹ kí owó ẹ̀san fún ẹni náà wà nínú inṣọ́ránsì yín, £1 mílíọ̀nù ó kéré tán. Òfin Dangerous Dogs Act ti 1991 lè mú yín bí ajá yín bá ṣẹ̀rù ba èèyàn débi tó fi rò pé á bu òun jẹ, kódà nínú ilé yín láti 2014. Bí ajá bá sáré já sójú títì tí ọkọ̀ sì fi yà bàrá, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í bo àwọn ará ilé yín tàbí àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ ṣe máa fi wọ́n wéra

Àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń fi iye owó wéra dára fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ èyí tó kéré jù ni wọ́n ń tò sókè, èyí tó kéré jù sì ni ti oṣù méjìlá àti ti ìjàǹbá. Ẹ yan lifetime nìkan, kí ẹ fi excess kan náà àti ààlà kan náà sí gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ ń fi iṣu wé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Owó orí inṣọ́ránsì, ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, ti sábà wà nínú iye tí ẹ rí. Ẹ bi wọ́n bóyá sísan án lóṣooṣù ń gbé èlé wọlé.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Ẹ padà sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó wù yín, kí ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ajá kan náà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní àdúgbò kan náà. Ẹ wò ó lásán ni, ẹ má rà á. Iye yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń bọ̀. Láti oṣù Kìíní 2022, FCA, àjọ tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì, kò gbà kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju tuntun lọ lórí ilé àti ọkọ̀, àmọ́ òfin yẹn kò kan ti ẹranko. Ìwádìí yín ni ààbò yín.

Ẹ pe ilé ìwòsàn ẹranko tí ẹ fẹ́ máa lò, kí ẹ bi ẹni tó ń gba àlejò níwájú: "Ilé iṣẹ́ wo ló ń sanwó fún yín tààrà, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ san án?" Àwọn yẹn mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá wọn fà á. Ẹni tí kò ní £4,000 nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú di ìbéèrè yìí.

Ní ìkẹyìn, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni o, kì í ṣe fóònù, kí ẹ sì tọ́jú ìdáhùn wọn: "Bí àìsàn awọ ara bá bẹ̀rẹ̀ lára ajá mi lọ́dún yìí, tó sì tún nílò oògùn lọ́dún tó ń bọ̀ àti ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣé ẹ ó máa san án lọ, èló sì ni lọ́dún?" Ẹni tí kò bá lè fi gbólóhùn méjì dáhùn ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á

Ọjọ́ mẹ́rìnlá wà fún yín láti yí ọkàn padà. Ẹ lo ọjọ́ wọ̀nyẹn láti ka gbogbo ìwé náà. Ẹ yí orúkọ tí wọ́n fi forúkọ microchip ajá náà sílẹ̀ (ẹ̀rọ bíńtín tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀) padà sí tiyín, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì tí ẹ fi rà á, torí bí ó bá kú tàbí tí wọ́n bá jí i, òun ni wọ́n máa béèrè. Bí iṣẹ́ abẹ ńlá bá fẹ́ wáyé, ẹ ní kí dókítà kọ́kọ́ béèrè àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ajá.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti san ohun tí ẹ gbà pé ó tọ́ sí yín, ẹ fi ẹ̀sùn kàn wọ́n ní kíkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fèsì. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí kò dé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, láàárín oṣù mẹ́fà tí èsì ìkẹyìn dé. Ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó sàn kéèyàn máa fi owó oṣù náà pa mọ́ sí báǹkì. Mo ti ṣírò rẹ̀ fún Adú. Ọmọ oṣù méjì ló dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù keje ni àìsàn dé. Ká ní mo ń kó £40 pa mọ́ lóṣù, £200 ni ìbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ £4,200 fún mi. Ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba lè wò ó bóyá PDSA, ẹgbẹ́ aláàánú tó ti ń tọ́jú ẹranko láti 1917, á lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kó wò ó kó tó ra ajá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a dé ìparí, àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wo ajá orí itan rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, híhanrun yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àmì nìyẹn?"

Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Mọ́ńdè, nígbà tí inṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣì lágbára, kó sọ ohun tó ń gbọ́, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo sì ní kó má lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn rárá, kó dúró ti àwọn tó fún un ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kó sọ ọ́ di lifetime £10,000 lọ́dọ̀ wọn. Owó rẹ̀ ju £14 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó kérora, ó san án.

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp mi: ìwé dókítà, ìlà kan ṣoṣo ni ó fi àmì yí ká. Wọ́n kọ ọ́ pé ihò imú rẹ̀ ṣí díẹ̀, ọkàn rẹ̀ dára, kò sí ariwo nígbà tó ń mí láìsùn. Mo fèsì pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú rìsíìtì ajá.